Ẹni Tó Dáni Ní Í Gbéni Dìde

Làmídì, jókòó dáadáa, kí o sì gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí àpò ọdẹ mi. Ìwọ ni mo ń bá wí lónìí. Kí àwọn tó kù máa jẹ ẹ̀pà wọn, kí wọ́n sì máa fetí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún àwọn ọmọ tí o ń kọ́ ní kàráté ní pápá ilé-ìwé. O ní ìjà ìdúró kò wúlò mọ́ bí wọ́n bá ti gbéni lulẹ̀. O ní ẹni tó mọ ìpá ta, tó mọ ẹ̀ṣẹ́ jà, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ó ti di ẹran orí àtẹ. O gbọ́n díẹ̀, o sì gọ̀ díẹ̀, bí gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin. Èmi Ọdẹ́jìmí tí ẹ ń wò yìí, mo ti jà ní ìdúró, mo ti jà lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ti jà ní ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ ohun tí ó jẹ́ pé bí o bá fojú kàn án, kàráté rẹ á sá lọ kí ìwọ fúnra rẹ tó sá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ lójú tèmi. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè, àárò wọn sì ń sọ mí báyìí, ní ọ̀sán gangan, bí ẹ ti ń wò mí.

Ìyá wa ni ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi Akínrìnádé, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, sì ni èkejì. Ní ìlú wa nígbà náà, ọkùnrin tí kò bá mọ ìjàkadì, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa kí àwọn àna rẹ̀. Akínrìnádé ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ó dá ẹni tó ga bí òpó àjà, ó dá ẹni tó kúrú bí odó, ó dá alápatà kan tó máa ń fi apá kan gbé màlúù, ọkùnrin náà sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ìgbà tí òun kúrò nílẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní ìjà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ilé wa. Yóò fi ọwọ́ lù mí ní ìbàdí pẹ́pẹ́, yóò ní, "Ibí ni, Jìmí. Gìgísẹ̀ ń purọ́, ìbàdí kì í purọ́." N kò dá a rí. Kò fi mí ṣeré rí, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún mi kí inú mi lè dùn. Bí mo bá sunkún, yóò dúró kí n sunkún tán, lẹ́yìn náà yóò ní kí n tún bọ̀. Láyé mi, n kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì sọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àṣà wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti jáde. Ní ìlú wa, bí ẹ̀yìn ènìyàn bá ti kan ilẹ̀, ìjà ti parí. Ẹni tí wọ́n dá kò gbọdọ̀ ta pútú mọ́, kò sì gbọdọ̀ dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tó dá a ni yóò na ọwọ́ sí i, tí yóò sì fà á dìde lójú gbogbo èrò. Ẹni tó dáni ní í gbéni dìde. Ẹni tó bá gbé ara rẹ̀ dìde, ẹlẹ́tàn ni. Ẹnì kankan kò ní bá a jà mọ́, wọn kò sì ní bá a jẹ nínú àwo kan náà. Mo rí ọkùnrin kan tí òjò rọ̀ lé lórí nílẹ̀ títí tí ẹni tó dá a fi mumi tán, tó kí àwọn èrò tán, tó tó wá na ọwọ́ sí i. A rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ lè sé ènìyàn mọ́ inú igbó?

Ọdẹ àgbà kan ló mú ìròyìn wá pé ohun kan ń bẹ nínú Igbó Àìdìde tí ẹ̀dá kankan kò tíì dá rí, Adùbúlẹ̀jà ni orúkọ rẹ̀. Akínrìnádé fi oúnjẹ tó ń jẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ohun tó bá ti ní ẹ̀yìn, mo lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀." Kò ronú kan orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹn, Adùbúlẹ̀jà. Ó lọ, kò sì padà. Àwọn ènìyàn ní ẹranko ti pa á jẹ. Ìyá wa kò gbà. Bí wọ́n bá ti se iṣu, wọn a bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, wọn a dé e, wọn a sì jókòó sí ẹnu ìloro títí iṣu yóò fi tutù. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀nà. Bí mo bá ń bọ̀ láti oko, wọn a gbé orí sókè, wọn a tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ mi, wọn a sì ní, "Áà, Jìmí ni." Wọn kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà máa ń wọ̀ mí lára, torí pé èmi náà, bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi, á ṣe mí bíi kí ó jẹ́ tẹlòmíràn. Nígbà tí àìsàn wá dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ìrìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ." Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo kọrí sí Igbó Àìdìde.

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Ọdẹ rìn, ọdẹ dé. Ẹnu ibodè igbó náà ni mo ti pàdé Ẹlẹ́sẹ̀kan. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ náà nípọn bí ìdí ọ̀pẹ. Kò jókòó rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, irun imú rẹ̀ sì gùn débi pé ó dì í ní ṣùkú bí irun omidan. Ó ní kí n fi ìbọn sílẹ̀, ìbọn kì í wọ ibẹ̀. Mo ní ọdẹ kì í fi ìbọn rẹ̀ tọrẹ. Ló bá ta mí nípàá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan tó tún fi í ta ìpá, kí ló fi ń dúró? Mo yẹ̀ ẹ́, mo fi ìka kan tì í, ó sì ṣubú bí igi tí wọ́n gé. Bí ó ti wà nílẹ̀, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo na ọwọ́ sí i mo fà á dìde, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ó wojú mi pẹ́. Ó ní nítorí ìyẹn òun yóò fi ọ̀nà hàn mí, ṣùgbọ́n ìbọn náà gbọ́dọ̀ dúró lọ́dọ̀ òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igbó náà yóò dì mọ́ mi lójú. Lẹ́yìn náà ló pa àlọ́ kan fún mi. "Kí ni ohun tó ti wà nílẹ̀ kí gbogbo wa tó dé, tí akínkanjú kan kò sì lè gbé e ṣánlẹ̀?"

Mo ní, "Òkúta inú odò ni."

Ó ní, "Òkúta ṣeé gbé. Máa lọ, ẹ̀yìn rẹ ni yóò dá ọ lóhùn." Mo gbé ìbọn fún un, mo wọlé.

Nínú igbó yẹn, igi kan kò dúró. Gbogbo wọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń so èso ní ìdùbúlẹ̀. Àparò ń fi àyà fà bí ejò. Ẹtu kan nà sílẹ̀ gbalaja, ó ń jẹ koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó wò mí, kò sá. Ojú rẹ̀ dà bí ẹni pé èmi tí mo dúró ni mo ń ṣe àìsàn. Bí mo ti ń ronú sí i ni ohùn kan jáde lábẹ́ mi: "Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ jọ ti ẹnì kan tí mo mọ̀."

Mo wolẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo dúró lé lórí, ó fẹ̀ bí atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọkà, mo sì ti rò pé ewé gbígbẹ ni. Apá náà gùn lọ títí, ó kan èjìká tí olú hù sí, lẹ́yìn náà ni mo rí ojú ńlá méjì tó ń wòkè. Adùbúlẹ̀jà nìyẹn. Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Abẹ́ ewé nìkan ló mọ̀, abẹ́ ewé àti àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Ó bi mí pé, "Ta ló dá ọ?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló dá mi."

Ó ní, "Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń bèèrè."

Mo ní, "Bó bá jẹ́ ti ìjàkadì, ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi rí, òun ni mo sì ń wá."

Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ní ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ, irun rẹ̀ ti hù wọ inú koríko, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo kígbe orúkọ rẹ̀. Orí nìkan ló yí sí mi. Ó ní, "Jìmí, ìyá ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ń retí yín."

Ó ní, "Mo mọ̀." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣàn wọ inú etí rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀.

Mo ní kí ó dìde kí á lọ. Ó ní, "Ẹni tó dá mi kò tíì gbé mi dìde." Mo ní ìlú jìnnà, mo ní kò sí ẹni tó ń wò wá. Ó ní, "Èmi ń wo ara mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Jìmí." Kò sí okùn lára rẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n. Adùbúlẹ̀jà fà á lulẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì dẹwọ́ ìjà gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí, ó ń retí ọwọ́. Ọwọ́ kò wá. Èso igi tó dùbúlẹ̀ ló ń jẹ, ìrì ló ń mu, ó sì ń retí ọwọ́.

Inú bí mi. Mo yíjú sí Adùbúlẹ̀jà, mo ní, "Kí ló dé tí o kò gbé e dìde?"

Ó ní, "Ẹni tó máa gbéni dìde, ṣé kì í kọ́kọ́ dúró ni? Mi ò dúró rí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà dúró. Mo sọ fún un pé kó máa lọ, ó ní àṣà kò gbà." Ó tún ní, "Àmọ́ mi ò fẹ́ kó lọ náà. Bá mi jà. Bí ẹ̀yìn rẹ tilẹ̀ kan ilẹ̀, bí o bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mo yọ̀ǹda ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ wá ọgbọ́n ara yín. Bí o kò bá bọ́, ìwọ náà á máa bá mi gbé. Ibí tutù."

Làmídì, ibí ni ọ̀rọ̀ tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ta á ní ìpá, ìpá tí mo fi ń ṣẹ́ ìtàkùn. Ó di ẹsẹ̀ mi mú lókè, ó fà á, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Mo jan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn lójú, ẹ̀ṣẹ́ náà dé ibẹ̀ bí ìgbà tí ìyàwó tuntun bá ń na ọkọ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé láti gìgísẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ mi ti ń gba agbára wá, gìgísẹ̀ mi sì wà lófuurufú. Mo tì í, kò sí ibi tí mo lè tì í lọ. Ṣé ẹni tó wà nílẹ̀ ń bẹ̀rù ìṣubú ni? Èyí tó burú jù ni pé bí ẹ̀yìn mi ti kan ilẹ̀, ara mi dẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Apá ràbàtà méjì ń fún mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, ara mi sì ń sọ fún mi pé ìjà ti parí, kí n máa retí ọwọ́. Àlọ́ Ẹlẹ́sẹ̀kan wá yé mi nígbà náà: ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Ojú mi ti ń ṣókùnkùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ohùn abẹ́ igi àgbálùmọ̀ gan-an: "Jìmí, ibo ni ìbàdí rẹ wà?"

Ìbàdí mi wà lára mi. Ilẹ̀ tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èjìká ni mo fi tẹ̀ ẹ́ báyìí. Mo gbé ìbàdí sókè lójijì, mo yí i, àyè díẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo ti ìgbọ̀nwọ́ bọ inú àyè náà, ìgbọ̀nwọ́ kì í bèèrè gìgísẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ kọ́ apá rẹ̀ bí mo ti máa ń kọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó dúró, mo tún yí ìbàdí, mo sì yọ́ bọ́ jáde bí ẹja àrọ̀. Ó yé ọ, àbí kò yé ọ? Ìjà ìdúró tó ní gbòǹgbò ní gìgísẹ̀, kì í báni délẹ̀. Èyí tó ní gbòǹgbò ní ìbàdí, ibi tí o bá ṣubú sí, ìwọ àti rẹ̀ lẹ jọ ń ṣubú síbẹ̀. Adùbúlẹ̀jà mí kanlẹ̀. Ó ní, "O ti bọ́. Ọ̀rọ̀ mi kò ní yẹ̀."

Mo sáré tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo na ọwọ́. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tí ebi ń pa tó ń wo oúnjẹ olóúnjẹ. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo dá mi." Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi orúkọ ìyá wa bẹ̀ ẹ́. Ó di ojú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ronú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó dá a nìkan ló lè gbé e dìde, a jẹ́ pé èmi ni n ó dá a. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ti wà nílẹ̀?

Mo dùbúlẹ̀ tì í, mo ti ara mi bọ abẹ́ rẹ̀, mo fà á gùn orí àyà mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn yín ti kúrò nílẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ wà lókè. Ìjà tuntun rèé."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Jìmí, tètè bọ́ lábẹ́ mi. Bí mo bá tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ tí agbára rẹ tán, èmi ni mo dá ọ nìyẹn, ta ni yóò sì gbé ọ dìde? Èmi tí n kò lè dìde?"

Mo ní, "Àwa méjèèjì á jọ wà níbí nìyẹn. Ẹ má fi mí ṣeré. Ẹ kò fi mí ṣeré rí."

Kò sì fi mí ṣeré. Ọkùnrin tó ti dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́rùn, ó wúwo lórí mi bí ẹrù iyọ̀. Mo gbọ́ òórùn irun rẹ̀, mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù lórí tèmi. Kí n má purọ́ fún yín, ó ṣe mí bíi kí n máa wà bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dì mọ́ mi láyé. Mo rántí ìyá wa lẹ́nu ìloro. Mo di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ àyà mi kí ó má baà fi ti ilẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ìkọ́ tó kọ́ mi ní ìdúró ni, kò yàtọ̀, ilẹ̀ nìkan ló pààrọ̀ àyè. Mo gbé ìbàdí sókè pẹ̀lú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún mi. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọwọ́ kò sí. Ó fẹ́ na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò sí. Ó yí kọjá lórí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan ilẹ̀ gbì, èmi sì wà lókè.

Mo dìde dúró. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó pẹ́ kó tó gbà á. Ó ń wò mí láti ilẹ̀, bí mo ti máa ń wò ó nígbà èwe mi, ẹ̀rín àti ẹkún jọ wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ó gba ọwọ́ mi, mo sì fà á dìde.

Nígbà tí a ń lọ, Adùbúlẹ̀jà kò dá wa dúró. Ó kàn ní, "Ẹnì kan kì í fọwọ́ kàn mí bí kò bá jẹ́ pé a ń jà." Ẹ̀gbọ́n mi padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àtẹ́lẹwọ́ ńlá náà mú fún ìgbà díẹ̀, láìjà. Lẹ́yìn náà a lọ. Ẹlẹ́sẹ̀kan ti ta ìbọn mi kí a tó dé ibodè, olè ni, kí Ọlọ́run má dárí jì í.

Òwúrọ̀ ni a wọ ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró sẹ́yìn, kí òun nìkan máa lọ síwájú. Ìyá wa wà lẹ́nu ìloro lórí ẹní, aṣọ bò wọ́n dé àyà. Mo rí i tí wọ́n gbé orí sókè. Mo rí i tí wọ́n tẹ́tí. Wọn kò sọ pé Jìmí ni. Àwọn ará àdúgbò ti ń pé jọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi orúkọ rẹ̀ búra ní agbo ìjàkadì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá wa. Ìyá wa ní, "Akínrìnádé. Ta ló dá ọ, tí o fi pẹ́ tó báyìí?"

Ó lè dárúkọ Adùbúlẹ̀jà. Ìlú ì bá patẹ́wọ́ fún un, wọn ì bá sì máa kọrin rẹ̀ di òní. Ó yíjú padà sí mi lójú gbogbo wọn, ó ní, "Àbúrò mi ló dá mi, ìyá mi."

Ariwo ta. Ìyá wa kò bá wọn pariwo. Ìyá na ọwọ́, wọ́n ń wá a kiri, ọwọ́ wọn bà lé ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì bá erùpẹ̀ Igbó Àìdìde tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n fa etí ìró wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu erùpẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn ni mo rí i. Erùpẹ̀ náà tán, wọn kò sì gbé ọwọ́ kúrò.